Lójú Ọ̀nà Kétu: Olú, Òògùn àti Omi Ẹ̀gbin

Ẹni tó bá gba Ìdírókò kọjá sí Ìgòlò, tó sì kọrí sókè láti ibẹ̀, kò ní pẹ́ tí erùpẹ̀ pupa yóò fi gba gbogbo ojú rẹ̀. Ìtakété ni yóò kọ́kọ́ dé, èyí tí àwọn ìwé ìjọba ń kọ ní Sakété. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìpòbẹ́. Láti Ìpòbẹ́ ni ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, kó tó tún gun òkè lọ bá Kétu. Plateau ni ìjọba ilẹ̀ Benin ń pe gbogbo agbègbè yìí láti 1999, torí pé ilẹ̀ tó ga tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, lọ́jà àti láàfin. Faransé wà fún ọ́fíìsì. Ọlọ́kadà tó gbé mi ní Ìgòlò gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ará ilé." Owó sẹ́fà tó ní kí n san ló rán mi létí pé mo ti kọjá ẹnubodè.

Ọ̀rọ̀ omi ló gbé mi débẹ̀, pàápàá omi tí a ti lò tán tí a dà nù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ nípa olú tó lè fọ́ òògùn tó ṣẹ́ kù sínú omi ẹ̀gbin ìlú sí wẹ́wẹ́. Ìmọ̀ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìlú tó ní páìpù lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà gbogbo. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti lè wúlò ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí kálukú ti ń gbẹ́ ṣáláńgá tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo sì mọ̀ pé ohun kan wà ní Ìpòbẹ́ tó yẹ kí n kọ́kọ́ rí.

Ilé ìwòsàn ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 fún àìsàn Buruli, pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ Raoul Follereau. Kókó kékeré tí kì í dunni ni Buruli fi ń bẹ̀rẹ̀ lára. Bí wọn kò bá tètè rí i, yóò di egbò ńlá tí yóò jẹ awọ ara lọ, nígbà mìíràn títí dé eegun. Kòkòrò tó ń fà á, Mycobacterium ulcerans, ìbátan èyí tó ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ife ni. Etí irà àti etí odò tí kì í ṣàn kíákíá ló ti ń bá èèyàn jà jù, bí àfonífojì odò Ouémé tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpòbẹ́. Nínú àwọn tó ń mú ní Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Abẹ ni wọ́n ń fi tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn a gé ibi tó ti bàjẹ́, wọn a sì fi awọ ibòmíràn bò ó. Ní 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa lo òògùn apakòkòrò méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, rifampicin pẹ̀lú abẹ́rẹ́ streptomycin. Lónìí, clarithromycin tí à ń gbé mì ti gba ipò abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìbá di arọ ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn nítorí òògùn wọ̀nyí.

Ìyá kan tó ń ta àkàrà nítòsí ibùdókọ̀ sọ fún mi pé ọmọ òun ti lo òògùn náà rí. "Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má bẹ̀rù," ó ní, "ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìtọ̀ rẹ̀ nínú póò láàárọ̀, ó pọ́n bí epo. Àyà mi já, ọmọ mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni." Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Rifampicin ló máa ń pa ìtọ̀, omi ojú àti òógùn láró bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti yá, ó ń lọ sílé ìwé, àpá ló kù sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo bi í pé níbo ló ń da póò náà sí. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Ṣáláńgá náà ni. Ṣé ibòmíràn tún wà ni?"

Òótọ́ ló sọ. Nínú òògùn tí à ń lò, díẹ̀ ni ojú lè rí nígbà tó bá ń jáde lára. Ìyókù ń bá tirẹ̀ lọ láìní àwọ̀. Amoxicillin tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísítì, ju ìdajì rẹ̀ lọ ló ń bá ìtọ̀ jáde láàárín wákàtí díẹ̀, pẹ̀lú agbára rẹ̀ lára rẹ̀. Òògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń jáde. Òògùn wárápá ń jáde. Diclofenac tí àwọn àgbà ń lò fún orúnkún ń jáde. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú èyí, nítorí aláìsàn gbọ́dọ̀ lo òògùn, ara sì gbọ́dọ̀ tọ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè tìtorí pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ ká má béèrè ibi tí ẹrù náà ń gbà lọ.

Àwọn ìlú tó ní páìpù pàápàá kò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wẹ omi ẹ̀gbin mọ́ títí dòní, Edward Ardern àti William Lockett ló gbé e jáde ní Manchester ní 1914. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà kí àwọn bakitéríà lè máa jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ọ̀nà náà gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn là. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́, ìtọ̀ àti oúnjẹ ni bakitéríà yẹn mọ̀ ọ́n jẹ. Tí carbamazepine, òògùn wárápá, bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń kọjá bó ṣe wá ni. Púpọ̀ nínú diclofenac náà ń kọjá. Ní 2022, àwọn tí Yunifásítì York kó jọ tẹ àbájáde omi odò 258 jáde láti orílẹ̀-èdè 104. Carbamazepine, metformin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò àti káfíìnì ni wọ́n bá pàdé jù lọ, Addis Ababa sì wà lára àwọn ìlú tí òògùn pọ̀ jù nínú odò wọn.

Ẹnikẹ́ni lè ní kí ni ohun kínún bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún odò ńlá. Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ mú adágún kan tó mọ́, wọ́n sì ń fi èròjà òògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí i láti 2001 sí 2003, bíi nanogram márùn-ún sí mẹ́fà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín gíráàmù kan sọ́nà bílíọ̀nù, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanogram. Àwọn akọ ẹja kéékèèké inú adágún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní èròjà ẹyin nínú ara, kò sì pẹ́ tí irú ẹja náà fẹ́rẹ̀ẹ́ run pátá níbẹ̀. Ti òògùn apakòkòrò tún burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi, nítorí pé bí kòkòrò bá ń rí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní kú, yóò kọ́ bí a ti ń fara dà á ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá ṣàìsàn gidi, òògùn yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Igbó kan wà ní Ìpòbẹ́ tí mo fẹ́ dé nítorí olú. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní ìlú náà, apá kan igbó kìjikìji àtijọ́ sì ṣẹ́ kù síbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kí àáké débẹ̀. Ní gbogbo agbègbè tí oko àgbàdo àti ọ̀pẹ ti gbilẹ̀ yìí, mo ka igbó náà sí ìṣúra.

Létí igbó náà, ìtì igi kan wà nílẹ̀ tí ọ̀rinrin ti wọ̀ dé inú. Olú pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ so sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìpele ìpele, etí wọn funfun, ẹ̀yìn wọn ní ìlà àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ tó yí po. Mo kúnlẹ̀, mo fi èékánná họ igi náà. Ó rọ̀, ó tutù, ó ń já ní fọ́nrán fọ́nrán, inú rẹ̀ sì ti funfun. Ìlà dúdú tín-ín-rín gba àárín rẹ̀ kọjá, níbi tí agbo olú kan ti pàdé òmíràn tí wọ́n sì pààlà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí olú kò tíì dé, igi náà ṣì ní àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì le débi pé èékánná mi kò ràn án.

Ohun tó mú igi le tó sì fún un ní àwọ̀ yẹn ni à ń pè ní lignin. Kò sí ohun tó ṣòro jẹ tó o nínú igbó. Ó tóbi jù fún ẹnu èyíkéyìí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́ pọ̀ mọ́ra láìní ètò, débi pé kò sí ibi kan pàtó tí a lè dì í mú. Bakitéríà díẹ̀ ló lè fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn olú tó ń sọ igi di funfun kì í gbé e mì. Wọ́n ń da ẹ́ńsáìmù jáde sí ara igi, ẹ́ńsáìmù náà a máa lu lignin níbi gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, títí yóò fi fọ́, olú a sì wá máa jẹ èyí tó kù. Níwọ̀n bí lignin kò ti ní ojú kan tí a fi ń dá a mọ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń bá a jà kò lè jẹ́ oníṣàyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òògùn ti wọlé. Ọ̀pọ̀ òògùn àti kẹ́míkà tí à ń dà sínú omi ní òrùka phenol nínú, irú èyí tó wà nínú lignin, ẹ́ńsáìmù olú kò sì béèrè bóyá ara igi ló ti wá tàbí ara èèyàn.

Gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ẹ́ńsáìmù náà ni laccase. Ará Japan kan, Hikorokuro Yoshida, ló kọ́kọ́ kíyè sí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1883 nínú oje igi tí wọ́n fi ń kun àwo àti àpótí ní ilẹ̀ wọn. Gabriel Bertrand ti ilẹ̀ Faransé ló sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ló sì wà nídìí bí wọ́n ṣe rí i nínú olú kí ọ̀rúndún náà tó parí. Bàbà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Òun kò béèrè ohunkóhun ju atẹ́gùn ọ́síjìn lọ, omi lásán ló sì ń sọ ọ́síjìn náà dà lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní peroxidase lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n nílò hydrogen peroxide kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń wọ jíǹsì tó ti ṣá láti ilé iṣẹ́ ṣeé ṣe kó ti jàǹfààní laccase láìmọ̀, nítorí àwọn aláṣọ ń fi í họ aró lára rẹ̀. Aró yẹn kan náà, ìbáà jẹ́ ti ewé ẹlú tàbí ti kẹ́míkà, ló kún kòtò àwọn aláàdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta. Ó wù mí kí ẹnì kan gbé olú débẹ̀ náà.

Ohun tó fún mi nígboyà jù ni iṣẹ́ tí àwọn ará Yunifásítì Autònoma ti Barcelona ṣe. Omi ẹ̀gbin ilé ìwòsàn gan-an ni wọ́n bu, wọ́n sì dà á sínú àgbá tí wọ́n ti ń sin olú Trametes versicolor, èyí tó ń so ní ìpele lára igi bí èyí tí mo rí ní Ìpòbẹ́. Nínú òògùn 51 tí wọ́n bá nínú omi náà, 46 ló dín kù tàbí tó pòórá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa gbogbo kòkòrò inú omi kí olú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá òògùn náà lọ ló lọ. Nígbà tí wọ́n lo omi náà bó ṣe wà, pẹ̀lú kòkòrò rẹ̀, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn ni ìṣòro olú. Omi ẹ̀gbin ọjọ́ gbogbo kún fún bakitéríà tó ń dàgbà kíákíá ju olú lọ, wọ́n sì ń gba oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Olú fẹ́ omi tó kan díẹ̀, omi ẹ̀gbin kì í sábà kan. Bí èèyàn bá ní kí òun yọ ẹ́ńsáìmù nìkan lò, kó fi olú sílẹ̀, ẹ́ńsáìmù ń gbó, ó sì ń bá omi ṣàn lọ àyàfi tí wọ́n bá so ó mọ́ ohun kan. Carbamazepine le fún laccase nìkan, ó máa ń fẹ́ kẹ́míkà kẹta tí yóò ràn án lọ́wọ́, kẹ́míkà náà sì lè ní oró tirẹ̀. Pé òògùn kan ti fọ́ kò sì túmọ̀ sí pé èérún rẹ̀ kò léwu, ó yẹ kí wọ́n yẹ èyí náà wò. Ní Switzerland, tó ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2016, ozone àti èédú ni wọ́n ń lò. Ní 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tuntun tó ní kí àwọn ìlú ńlá ti máa yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi ẹ̀gbin wọn nígbà tó bá fi máa di 2045, tó sì di púpọ̀ nínú owó rẹ̀ ru àwọn tó ń ṣe òògùn àti ohun ìṣaralóge. Èédú dára, a sì lè fi èésan ọ̀pẹ ṣe é ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n èédú ń di òògùn mú ni, kì í fọ́ ọ. Bó bá kún, wàá wá ibi tí wàá kó o sí.

Láti Ìpòbẹ́, ilẹ̀ pupa parí lójijì, ọkọ̀ sì wọ ilẹ̀ dúdú Issaba. Amọ̀ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń là, nígbà òjò ó ń di ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ yìí ló dáàbò bo àwọn Ọ̀họ̀rí nígbà tí wọ́n gbógun ti ìjọba Faransé ní 1914 àti 1915, nítorí sójà kò lè wọlé nígbà òjò. Òjò tó bá ta sórí òkè méjèèjì, ti Ìpòbẹ́ àti ti Kétu, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣàn sí, kó tó lọ bá Ouémé níwọ̀-oòrùn tàbí Yewa níhà ìlà-oòrùn. Ohun tí òkè bá dà nù, ìsàlẹ̀ ló ń mu ún, Yewa sì ń gba inú ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Mo rí àwọn ọmọdé tó ń fọ aṣọ nínú adágún kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì rántí póò ìyá alákàrà yẹn.

Ní Kétu, gbogbo àlejò ni wọ́n ń mú lọ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tó jókòó sórí yàrà tó yí ìlú ká. Yàrà náà jìn, ó sì ṣì hàn. Ìlú tó fi ọgbọ́n báyìí ṣọ́ ara rẹ̀, ebi àti ogun Dahomey ló ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1886. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó èèyàn rẹ̀ lọ sí Abomey, lẹ́yìn tí Faransé sì ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dahomey, ni àwọn tó kù padà wá tún un tẹ̀ dó. Kétu ni ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun, UNESCO sì kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ọmọ aráyé ní 2001. Ṣùgbọ́n Ààtàn Ọlá ló dá mi dúró pẹ́ jù. Òkìtì ìdọ̀tí àtijọ́ ni, tí ìlú kò kó dànù, tó di ibi ọ̀wọ̀. Àwọn baba ńlá Kétu gbà pé ohun tí ìlú dà nù ṣì jẹ́ ara ìlú, ó ní ààyè tirẹ̀, ó sì yẹ kí ojú wà lára rẹ̀. Ìlú tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí ohun tí mo wá wò.

Omi jìn ní Kétu. Ilẹ̀ pupa náà ń fa òjò mu lọ sísàlẹ̀ réré, ẹni tó bá gbẹ́ kànga ń gbẹ́ ẹ pẹ́. Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ rántí bí àwọn obìnrin ṣe ń rìn jìnnà pẹ̀lú ìkòkò lórí. Omi ẹ̀rọ ti dé báyìí, ṣùgbọ́n ṣáláńgá ṣì wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Tó bá kún, wọn a gbẹ́ òmíràn tàbí kí wọ́n pe ọkọ̀ tó ń fà á. Ní gúúsù, létí Kútọnu, Ekpè ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti da ẹrù wọn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibùdó tó wà níbẹ̀ sì gba ju agbára rẹ̀ lọ. Ká sọ pé a fẹ́ dúró de páìpù kó tó kan Kétu, ọmọ ọmọ wa ni yóò rí i.

Nítorí náà ni mo fi rò pé ìlú kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òògùn pọ̀ sí ló yẹ, kó tó tú ká sínú ilẹ̀: ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn ọgbà adìẹ tó ń po apakòkòrò mọ́ oúnjẹ. Omi ibẹ̀ kò pọ̀, òògùn inú rẹ̀ ki, kò sì nílò páìpù tó la ìlú já. Ohun tí olú ń jẹ kò wọ́n lórí òkè yìí. Pòròpórò àgbàdo àti èèpo gbágùúdá wà káàkiri, àwọn tó ń sin olú jíjẹ sì máa ń da pòròpórò tí olú ti so tán lára rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ laccase ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò sì jìnnà. Ní Kétu gan-an ni ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 2013, èyí tí a mọ̀ sí Université Nationale d'Agriculture lónìí. Ní Parakou, Nourou Soulemane Yorou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó olú ilẹ̀ Benin jọ, wọ́n ń mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Clementina Adenipekun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo Pleurotus tuber-regium, olú tó máa ń ta bí iṣu sábẹ́ igi tó ń jẹrà, láti fi wẹ ilẹ̀ tí epo ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ilẹ̀ ni wọ́n fi í wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kan náà ni omi ń fẹ́.

Ohun tó ṣòro ni wíwọ̀n. Ẹ̀rọ tó lè rí nanogram òògùn nínú lítà omi gbówó lórí púpọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé àgbá olú kalẹ̀ láìsí ẹni tí yóò wọn omi kó tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá jáde, ìgbàgbọ́ lásán ló ṣe. Mo sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀gbìn, tí a jọ jókòó lẹ́bàá ọjà Kétu. Ó ronú díẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fún òun ní àgbá kan, pòròpórò, àti ilé ìwòsàn kan tó gbà, òun lè bu omi rẹ̀ sínú ìgò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òun máa fi í ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ̀rọ bá wà. Ó ní rifampicin ni òun yóò kọ́kọ́ fi dánwò, nítorí pé bí ó bá ti ń pòórá, àwọ̀ omi náà lè máa ṣá, ojú lásán sì lè rí i kí ìwé àyẹ̀wò tó dé. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tí òun lè kọ̀wé sí. Mo kọ orúkọ àwọn ti Ìbàdàn àti Parakou fún un sínú ìwé rẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Barcelona títí ọkọ̀ Ìlárá tí mo fẹ́ wọ̀ fi kún.